Iyọ̀ Tí Ìyá Àgbà Kò Jẹ

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, ẹnìkan dìde láàrin èrò, ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni olóògbé náà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tó ti bá a gbé rí wo ara wọn lójú. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta epo ní ọjà Ìkpinlẹ̀ fi etí gèlè bo ẹnu kí a má baà rí i pé ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá Àgbà kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ìkà ni ẹnu rẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń pọ́n àdá. Bí mo bá sì jókòó síhìn-ín tí mo ń purọ́ mọ́ ọn, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ jí dìde láti bá mi wí.

Ilé wa wà láàrin ọ̀pẹ, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti yà kúrò ní Ìkpinlẹ̀ sí apá Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ epo ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Òun ló ni ẹkù, ìyẹn ibi tí a ti ń se ẹyìn, tí a ń gún un, tí a sì ń fọ epo rẹ̀ jáde, gbogbo wa la sì ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló bí: Akin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Akin, ni àgbà, bàbá mi ló tẹ̀ lé e. Bàbá Akin jogún ohùn ìyá rẹ̀. Bàbá mi kò jogún nǹkan kan àfi kó máa wo ilẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹnu yẹn. Ìyàwó kan ládùúgbò wa bí àkọ́bí rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n wá kí Ìyá Àgbà, bí a ti ń gbé ọmọ tuntun ká ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ìyá Àgbà gba ọmọ náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo wa dúró de àdúrà. Ó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó ní, “Ó jọ bàbá ẹ̀. Ọlọ́run á tún un ṣe.” Ọmọ yẹn ti di tíṣà báyìí, ó ní irùngbọ̀n, ó sì ní ọmọ tirẹ̀, àmọ́ ẹ lọ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa. Ọlọ́run-á-tún-un-ṣe ni wọ́n ṣì ń pè é. Ohun tí ó burú nípa Ìyá Àgbà nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọ lára, omi kì í ṣí i.

Kò sí ẹni tí kò lè bú. Nígbà tí wọ́n ní Dahomẹ, orílẹ̀-èdè wa, ti gba òmìnira, bàbá mi wọlé pẹ̀lú ìdùnnú, ó ní àwọn Faransé ti ń lọ, ilẹ̀ ti di tiwa. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹyìn, kò gbójú sókè. “Ó dáa,” ó ní, “ta ni yóò máa pọn omi?” Ìyàwó ilé ló ń pọn omi, ó sì pọn ọ́n lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wá ń yí lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn ológun ń lé àwọn olóṣèlú, tí àwọn ológun tún ń lé ara wọn. Bí bàbá mi bá ti yí etí rédíò, tí orin ológun ń dún, Ìyá Àgbà á ké sí i láti inú ẹkù: “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú ẹnìkan dúró sójú kan kí n tó kú, kí n lè mọ ẹni tí mo máa ṣépè fún!”

Ṣùgbọ́n ìyá mi ló jẹ nínú rẹ̀ jù. Ọmọ Tatọnọkọn ni ìyá mi, obìnrin tó dákẹ́, tó gùn, tó máa ń tẹrí ba kí ó tó wọ ilé ìdáná wa. Òun ló ń se oúnjẹ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà máa ń so iyọ̀ mọ́ igun ìró rẹ̀, ó di í ní kókó kékeré kan. Bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò ní tọ́ ọ wò. Á kọ́kọ́ tú kókó iyọ̀ yẹn, á fọ́n ọn sínú ọbẹ̀ níwájú ẹni tó sè é, kó tó fi ọwọ́ kan òkèlè. Bí ó bá sì jẹun tán, á bi í pé, “Ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀ sísè, ìyá ẹ ni àbí ebi?”

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn, n kò ní fi bò. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà ọmọdé rẹ̀, ó ní ìyá òun kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ àfi bí àlejò bá dé. Bí kò bá sí àlejò, omi eérú ni wọ́n ń fi ṣe adùn. Iyọ̀ ni ọrọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ó máa ń fi àgbàdo sísun kan iyọ̀, á di ojú, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí ojú rẹ̀ tó tutù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú lálaalẹ́, bí o bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní bàtà ni ó ń kéré sí i. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ náà ń wú láàárọ̀, ara ń yún un, oúnjẹ kò wù ú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ. Bàbá Akin gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, èmi sì ru ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ kì í ṣe dókítà gidi. Áńfíímíyè ni, ẹni tí ń gúnni lábẹ́rẹ́ tí ó sì ń fúnni lóògùn, ṣùgbọ́n Dotóò ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní kí Ìyá Àgbà tọ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó gbé ìgò náà sórí iná kékeré, nígbà tí ó sì gbóná, ìtọ̀ náà dì bí funfun ẹyin. Ó ní, “Ẹ wò ó, Ìyá. Ohun tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń bá ìtọ̀ jáde yìí. Kíndìnrín yín ló ti ń bàjẹ́.”

Ìyá Àgbà wo ìgò, ó wo ọkùnrin náà. “Dotóò,” ó ní, “ìyàwó ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ arúgbó lo máa ń sè?”

Dotóò rẹ́rìn-ín, ó ṣe é ní sùúrù. Ó fi ọ̀já ìwọn ìfúnpá wé e lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sókè púpọ̀. Ó fún un ní oògùn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó ba ilé wa jẹ́. Ó ní láti òní lọ, Ìyá kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́, bó ti wù kó kéré mọ.

Bí a ti délé, Ìyá Àgbà kò wọlé. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ilé jọ, tọmọdé tàgbà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ẹnu ẹkù, ó tú kókó iyọ̀ igun ìró rẹ̀, ó sì da iyọ̀ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo wa. “Ẹnu mi kú lónìí,” ó ní. “Ẹ ó bá mi ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.”

Àṣẹ tó pa nìyẹn. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú agbo ilé. Òun fúnra rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó kó gbogbo iyọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Bàbá Akin gan-an kò lè janpata. Àwa ọmọdé ń yọ́ lọ sí ilé àwọn aládùúgbò láti lọ lá iyọ̀ bí ewúrẹ́. Bàbá mi ń jẹun nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, á padà wálé, á ní ebi kò pa òun. Ta ló wá fara gba gbogbo èébú? Ìyá mi ni, tí ó ń se ọbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè gbé mì. Àwọn ọmọ ń sunkún sí i, Bàbá Akin ń ti àwo padà, Ìyá Àgbà, tó pa àṣẹ náà, á sì tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, “Omi tí wọ́n fi wẹ ọmọ rèé o, ta ló gbàgbé ẹ̀ síbí?”

Ó ṣe díẹ̀, ó pe ìyá mi sínú ilé ìdáná. Mo wà níbẹ̀, èkùrọ́ ni mò ń pa. Ó ti ajere kan síwájú rẹ̀, ìkòkò onihò wẹ́wẹ́ tí a fi ń yan ẹran, ó sì nawọ́ sí àwọn ìdì ẹyìn gbígbẹ tí a ti ṣa ọmọ inú wọn tán.

“Sun wọ́n,” ó ní. “Kó eérú wọn sínú ajere, bu omi lé e, kó máa kán sínú àwo. Omi tó bá jáde, òun ni kí o fi se ọbẹ̀ mi.”

Ìyá mi rọra ní, “Ìyá, Dotóò ní kí ẹ má jẹ iyọ̀.”

“Ṣé iyọ̀ ni eérú?”

“Rárá, Ìyá. Ṣùgbọ́n bóyá ká kọ́kọ́ bi Dotóò.”

“Ìyá mi jẹ omi eérú dọjọ́ ogbó. Dotóò ló bí i ni?” Ó dìde, ó di ògiri mú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ti èmi nìkan ni o. Kí Akin má gbọ́. Á ní mo pa àṣẹ, èmi náà ló ń rú u.”

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ yẹn, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo. Kò bú ìyá mi. Ìyá mi gbé àwo òfìfo náà wá sí ilé ìdáná, ó dì í mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà nílé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ jẹun tí kò bú u nìyẹn. Láti ìgbà náà, ó ń sun ìdì ẹyìn pẹ̀lú ayọ̀. Omi eérú yẹn ń dúdú sí i, ó ń ki sí i, nítorí ìyá mi fẹ́ kó dùn. Bí mo bá rántí bí ó ti máa ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajere yẹn, inú mi á bàjẹ́.

Òwúrọ̀ kan ni nǹkan náà dé. A ń fọ epo. Ìyá Àgbà ń bú ẹnìkan lọ́wọ́, n kò rántí ẹni tí ó jẹ́ mọ́, ló bá dákẹ́ láàrin èébú. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa wẹ̀yìn, nítorí kò fi èébú sílẹ̀ láàbọ̀ rí. Ó ti jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ epo. Òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ di àyà mú, ó ní ó ń fà á dé àgbọ̀n àti apá òsì. Ó bì. Lẹ́yìn náà ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Èwo nínú yín ló gbé odó lé mi láyà?”

Dotóò ní ọkàn ló mú un. Ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọkàn rẹ̀, apá náà sì ti kú. Ó fẹ́ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi, Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní òun kò ní kú síbi tí wọn kò ti mọ ẹni tí òun jẹ́. A gbé e padà wálé.

A rò pé á sàn. Kò sàn. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, bó bá dùbúlẹ̀, á dà bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ìjókòó ló ń sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ gún ògiri. Wíwú ẹsẹ̀ gòkè dé itan, ó dé ikùn. Ó ń mí bí ẹni sáré, bẹ́ẹ̀ kò ṣípò. Ẹ wá wò ó, katikíìsì kan, olùkọ́ni ìjọ Kátólíìkì, wà ní Oko-Akarẹ, tí irú àyà dídùn yìí gan-an ti kọlù ṣáájú rẹ̀. Òun náà làágùn, òun náà bì, Dotóò kan náà ló wò ó. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ebè, ó padà sídìí orin. Òun ló gun kẹ̀kẹ́ wá kí Ìyá Àgbà. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó gbàdúrà tó gùn tí ó sì pariwo.

Nígbà tí ó lọ tán, Ìyá Àgbà fi ìwọ̀nba èémí tó kù fún un sọ pé, “Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń pa ọkàn, ọkùnrin yẹn ni ì bá kú.”

Ṣùgbọ́n Bàbá Akin kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àìsàn kan náà ló mú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń kú lọ. Ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀.” Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí látọjọ́ tó ti ń jẹun nínú ilé wa: ta ló ń se oúnjẹ ìyá òun?

Ọ̀sán ọjọ́ tí Dotóò gun alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá wo aláìsàn ni ọ̀rọ̀ bú. Bàbá Akin ti pe àwọn àgbà ilé jọ sí ojúde. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà síta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri ilé ìdáná. Bàbá Akin dojú kọ Dotóò níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Katikíìsì yè é. Kí ló dé tí ìyá mi kò yè é?”

Dotóò wò yíká. Ajere ìyá mi wà lẹ́bàá ògiri. Ó lọ gbé e, ó ní, “Ẹ wo nǹkan yìí. Báyìí ni kíndìnrín ṣe rí. Òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù á bọ́ jáde, èyí tó dáa á padà sínú ara. Ti Ìyá ti dí, ó sì ti ya, ọjọ́ sì ti pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí, ó wúwo, ó ń ru. Ọkàn rẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wúwo yẹn láti ọdún mélòó kan wá, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí àìsàn tó kọlù ú. Ọkàn katikíìsì, ibi tó kú nínú rẹ̀ di àpá, ìyókù ń bá iṣẹ́ lọ. Ti Ìyá, ìyókù kò lágbára. Omi tí kíndìnrín kò lè tú síta ń padà lé ọkàn lórí, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ọgbẹ́ tí à ń fi omi ìdọ̀tí wẹ̀, ṣé ó máa ń jinná?”

Àwọn àgbà mi orí. Ìyá mi tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò mi lẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀. Bí Dotóò bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ gbé ajere náà kalẹ̀, eérú dà sí i lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ọṣẹ lẹ fi ń ṣe ni?”

Ìyá mi, tí kò mọ irọ́ pa, ní, “Rárá, Dotóò. Ti ọbẹ̀ Ìyá ni.”

Dotóò gbé ajere kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà nínú omi eérú tí kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń tú jáde, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kò lè tú u. Á máa gbá jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ló sì máa ń bá jà. Fún irú Ìyá yìí, ó ní, ó lè burú ju iyọ̀ lọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kó tó sọ ọ́ tán.

Bàbá Akin fò dìde. “Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Dotóò! Ẹ gbọ́ ọ!”

“Ìyá ló ní kí n ṣe é,” ìyá mi ní. “Ìyá ló kọ́ mi.”

“Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, àbí? Obìnrin tó da iyọ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa?” Bàbá Akin kò pariwo mọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí ìyá mi di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sí Tatọnọkọn lónìí. Ó ní kó sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, nítorí ọmọ ilé yìí ni, kò sì ní bá apànìyàn lọ. Èmi náà kò ní bá a lọ. Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo di aṣọ ìyá mi mú.

Dotóò fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ti bẹ̀rẹ̀, kó jọ̀ọ́. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Òun nìkan ló lè sọ bó ṣe rí. Ó di ojú, ó ń mí, a ń gbọ́ bí èémí ti ń ha nínú rẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó là á. Ó là á.

“Akin, ta lo ní ó pa mí?”

“Ìyàwó yìí ni, Ìyá.”

Ó yí ojú sí ìyá mi. Ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ó ti máa ń wo ọmọ tuntun. Ó sinmi, ó gba èémí.

“Eléyìí? Tí kò mọ ọbẹ̀ sè?” Ó tún sinmi. “Ẹ má fi ikú mi ta á lọ́rẹ. Kò tó ẹni tí í pa mí.”

Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Òmíràn tẹ̀ lé e. Láìpẹ́ gbogbo ojúde ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Akin sì dúró láàrin wọn bí ẹni tí aṣọ já bọ́ lára rẹ̀. Kí ni yóò tún sọ? Bí ó bá ní ìyàwó yẹn ló pa ìyá òun, ó ti fi ìyá rẹ̀ wọ́lẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ Tatọnọkọn.

“Ẹ gbé e dìde,” Ìyá Àgbà ní, “kó lọ wá nǹkan tí mo máa jẹ.”

Àwọn èèyàn sọ pé ó gba ìyá mi là. Òótọ́ ni, ó gbà á là, èmi àti àbúrò mi jẹ ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó wò títí. “Èmi ni mo ní kó ṣe é.” Ohun tí ó yẹ kó sọ kò ju ìyẹn lọ. Èémí ṣọ̀wọ́n fún un lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ gbólóhùn tí ó yàn gùn ju òótọ́ lọ. Ó kọ̀ láti gba ẹ̀bi, ó sì tún bú ẹni tó ń bá a ru ú. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ìyá mi. Kò-tó ni wọ́n ń pè é nílé wa títí dòní, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà yẹn náà ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí. Dotóò sọ fún un nígbà tó ń lọ pé kíndìnrín yẹn ti ń kú kó tó fọwọ́ kan ajere, pé kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó wúwo jù. Ìyá mi dúpẹ́. Kò sun ìdì ẹyìn mọ́ láéláé.

Ìyá Àgbà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí rédíò tún ń kọ orin ológun ni, tí wọ́n ní ti èyí yàtọ̀, pé ìyípadà gidi ló dé. Bàbá mi sọ fún un. Ó mi orí díẹ̀, ó ní, “Wọn kò tíì mú ẹnìkan dúró.” Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn èyí. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. Á na ọwọ́ sí ìyá mi, á ní, “Bu iyọ̀ díẹ̀ fún mi.”

“Ìyá, wọ́n á ní èmi ni mo pa yín.”

“Mo ti sọ fún wọn pé o kò tó bẹ́ẹ̀.”

Bàbá Akin jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ ìyá mi. Ìyá mi kò bu iyọ̀. Ìyá Àgbà ń lá ètè rẹ̀ gbígbẹ, ó ń wo igun ìró rẹ̀ níbi tí kókó iyọ̀ máa ń wà. Báyìí ló ṣe kú, ní ìrọ̀lẹ́, lórí ìjókòó. Ìyà tó jẹ ẹ́ pọ̀, mo sì ṣàánú rẹ̀, èmi tí mo kórìíra rẹ̀.

Nílé wa, bí a bá sin àgbà tán, ìyàwó ilé ló máa ń se ẹ̀wà tí a fi ń bọ́ òkú. A kì í fi iyọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọ́ ọ wò. Bàbá Akin dúró ti ìyá mi nílé ìdáná, ó ń rán an létí: “Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ o, Kò-tó. Oúnjẹ òkú ni.” Ìyá mi ní, “Mo gbọ́, Bàbá Akin.” Èmi ló ní kí n bá òun di igbá mú lọ sí ojú oórì, nítorí igbá náà gbóná.

A gbé e kalẹ̀ ní apá ibi tí orí Ìyá Àgbà wà. Ẹ̀wà dà sí mi lọ́wọ́, mo sì ti lá ìka mi kí n tó rántí pé èèwọ̀ ni. Iyọ̀ ni! Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n mi fi ta. Mo gbójú sókè wo ìyá mi. Ó ti rí mi.

Ó fi ọwọ́ tẹ́ erùpẹ̀ orí oórì náà pẹ́pẹ́, bí a ti ń tẹ́ ibùsùn fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

“Jẹ́ kó jẹ ẹ́,” ó ní. “Kò lè pa á mọ́.”